Omi Frigo Tí Ọ̀rẹ́ Mi Ní Kí N Dà Sínú Ìpara

Ẹ̀yin èèyàn mi, bonjour o! Ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ní Lomé níbí lọ́dún yìí, mi ò lè dá a gbé.

Ṣé ẹ mọ Foláṣadé tí mo máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáá? Inú àgbàlá kan náà ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà ní Attiégou. Òun ló ń ṣe ìpara òrí tí gbogbo obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń fi para nígbà ọyẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi. Ó ní kí ló dé tí òun ò ní kọ́ mi, ṣé a kì í ṣe ọmọ ìyá ni?

Ó ní kí n yọ́ òrí pọ̀ mọ́ ìda funfun tó ń so omi àti òróró pọ̀. Tó bá yọ́ tán, kí n da omi sí i, kí n máa pò ó. Mo bi í pé irú omi wo? Ó ní omi frigo ni, omi inú fíríìjì, kó tutù dáadáa, òun ló ń jẹ́ kí ìpara ki.

Mo gbà á gbọ́. Ta ni ǹ bá tún gbà gbọ́?

Mo rọ ìpara sínú ike, mo gbé e fún àwọn màmá ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti ń dá a padà! Òróró léfòó sókè, omi wà nísàlẹ̀, àárín rẹ̀ ṣe kókó bíi ẹ̀kọ tí wọn ò pò dáadáa. Màmá kan ní ó dà sínú báàgì òun, ó ba Bíbélì òun jẹ́. Ojú tì mí! Foláṣadé ló gbá mi mọ́ra. Ó ní kí n má sunkún, ọwọ́ mi ò tíì mọ́ ọn ni. Mo tún un ṣe, ó tún yà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo yà sílé rẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń kọ́ àwọn obìnrin kan tó wá láti Cacaveli. Ìkòkò méjì wà lórí iná: òrí nínú ọ̀kan, omi nínú èkejì.

Ó ń sọ fún wọn pé, "Omi àti òróró kì í ṣe ọ̀rẹ́. Àwọn ẹyọ omi kéékèèké tí ojú ò rí máa ń di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọn kì í fẹ́ kí òróró wọ àárín wọn. Ìda ló ń di tibí mú, tó tún ń di tọ̀hún mú. Tí omi bá gbóná, ọwọ́ wọn á dẹ̀, ìda náà á ráyè tàn káàkiri. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá da omi tútù sí i, ìda á dì lójú ẹsẹ̀, gbogbo ẹ̀ á yà. Kí omi àti òrí gbóná bákan náà o!"

Bó ṣe yíjú tó rí mi, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ṣadé, èmi nìkan ni omi frigo wà fún?"

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí n má bínú, ọ̀nà àwọn ará Cacaveli jìn, wọn ò lè gba oníbàárà mọ́ òun lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n ìwọ, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Kí lo fẹ́ kí n máa jẹ?"

Mi ò bá a jà. Mo kàn bi í pé nígbà tí mò ń sunkún léjìká rẹ̀, kí ló wà lọ́kàn rẹ̀? Mo gun ọ̀kadà zém, mo wá sílé.

Ìpara mi ti ń dára báyìí, àwọn màmá sì ti ń padà wá díẹ̀díẹ̀. Foláṣadé ń pè mí, mi ò gbé e. Ìpara tó bà jẹ́ kọ́ ló dùn mí. Ẹni tó ń bá mi nu omijé ló mọ ohun tó fà á!

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: tí ẹnì kan bá ń kọ́ yín níṣẹ́, ẹ má fi etí nìkan gbọ́ ọ, ẹ jókòó tì í nígbà tó bá ń ṣe tiẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ọ̀rẹ́ ti kọ́ yín ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ rí? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, tó bá tún pè lónìí, ṣé ẹ máa gbé e?