Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Ní Kò Lò

Àbúrò mi obìnrin ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹ̀sà-Òkè nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Jẹdíjẹdí ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, wọ́n ní ṣúgà ló fà á, ó sì mu àgbo títí àgbo fi sú u. Nígbà tí ó fi máa wá sọ́dọ̀ mi ní Òkè-Fìà, níbi tí mo ti ń ránṣọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Dókítà tí a kọ́kọ́ rí ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ oníhóró fún un. Mo ń rà á, mo sì ń fi ẹ̀dọ̀ màlúù se tẹ̀tẹ̀ fún un. Lẹ́yìn oṣù méjì, a tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò. Kò gòkè rárá.

Mo gbà pé kì í lò ó ni. Inú máa ń dà á láàmú tí ó bá ti gbé e mì, nítorí náà mo rò pé ó ń sá fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka hóró tó kù. Iye rẹ̀ máa ń pé, síbẹ̀ mo ní ó ń dà á sínú ṣáláńgá. Mo fi ẹjọ́ rẹ̀ sun bàbá wa, àgbẹ̀ oníkòkó ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Bàbá, tí kì í pariwo mọ́ni, bá a wí lórí fóònù títí ó fi sunkún.

Ọjọ́ tí ó dákú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni a gbé e lọ sí Iléṣà. Bàbá wá bá wa níbẹ̀. Dókítà obìnrin kan tí ń tọ́jú àrùn ìfun fi rọ́bà oníkámẹ́rà wo inú rẹ̀, ó sì rí i pé egbò ló kún ibẹ̀. Mo fẹjọ́ sùn án pé oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ yìí kò lò ló sọ ọ́ dà báyìí.

"Ó lò ó," dókítà dáhùn. "Ìfun rẹ̀ ni kò gbà á."

Àbúrò mi gbọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó yíjú sí ògiri.

Dókítà ṣàlàyé pé ohun tó ń wọ́n lára aláìsàn kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, àti pé ohun tí a jogún máa ń wà níbẹ̀. Iṣan ni wọn yóò ti fa èròjà ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Fítámì kan wà tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ nìkan ló lè gbé e wọlé. Ó béèrè bóyá irú àìsàn yìí wà nínú ẹbí. Bàbá ní kò sí.

Nígbà tí a jáde síta, ó dúró.

"Kí ìyá rẹ tó lóyún àbúrò rẹ," ó ní, "ni ẹ̀jẹ̀ ti ń bá èmi náà jáde. Ojú ń tì mí ni."

Ìtọ́jú náà bá àbúrò mi lára mu fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tún pọ́n, ó ń jẹun. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde," ó ní. "Ẹ sọ ọ́ títí, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka hóró náà."

Kò pẹ́ sí i, ìfun rẹ̀ lu. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò jí mọ́.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá gbà kí wọ́n yẹ òun náà wò, wọ́n sì rí irú egbò kan náà nínú ìfun rẹ̀. Ó béèrè bóyá òun lè lo oògùn tí ọmọ òun lò kù. Dókítà ní rárá, pé ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ pé; fítámì tí oòrùn ń fún ni ló ṣọ̀wọ́n lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí ti sá kòkó lóòrùn láti kékeré.

Bí a ṣe kúrò níbẹ̀, ó ní kí n mú òun lọ síbi tí a sin ọmọ náà sí. Ní ilẹ̀ wa, òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Mo rán an létí, síbẹ̀ ó ní kí a lọ, mo sì mú un lọ.

Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Èmi ni mo fún ọ ní àìsàn yìí," ó ní. "N kò sì sọ."

A wọkọ̀ padà sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Títí a fi délé, orí itan rẹ̀ ni fìlà náà wà.