Àgbò Ìyá Ìbejì àti Èèpo Ẹ̀gẹ́ Mi

Mo rántí ọ̀sán tí mo sá èèpo ẹ̀gẹ́ sórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa ní Ìdèrè, tí mo ń yangàn bí ẹni tó sá wúrà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí nígbà náà, bátìrì sì ni iṣẹ́ ìwádìí mi. Kì í ṣe bátìrì ọkọ̀ tí à ń rọ omi sí. Irú èyí tó ń bọ̀ lọ́nà ni, tí wọ́n ń fi èròjà inú iyọ̀ ṣe, nítorí pé líítíọ́ọ̀mù tó wà nínú fóònù wọ́n bí ojú. Bátìrì náà nílò èédú kan tí yóò máa gba iná sára, tí yóò sì máa dá a padà nígbà tí a bá fẹ́ lò ó. Èmi ni mo lọ là á mọ́lẹ̀ fún ọ̀gá mi pé èèpo ẹ̀gẹ́ lè di èédú yẹn, pé ní Ìbàràpá tiwa, ó pọ̀ ju èyí tí ẹran lè jẹ tán lọ. Ọ̀gá mi ní kí n lọ gbé e wá ká rí i.

Kí èèpo náà tó wọ iná, mo ní láti kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi kọ́sítíìkì, èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ máa ń lò, tó lè bó awọ ara ẹni. Mo rẹ ẹ́, mo sá a, mo sì kìlọ̀ fún ìyá mi pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìyá mi ní òun ti gbọ́. Fóònù mi ti kú, kò sì sí iná ní Ìdèrè, ni èmi, ọ̀jọ̀gbọ́n bátìrì, bá gun ọ̀kadà lọ sí Ìgbó-Ọrà lọ wá ibi tí n ó ti rí iná fi sí i.

Ibẹ̀ ni mo wà tí òjò fi ṣú sí apá Ìdèrè. Mo fò lé ọ̀kadà padà, gbogbo èrò mi ni pé iṣẹ́ mi ti fẹ́ tutù. Nígbà tí mo délé, orí àpáta ti mọ́ tónítóní. Lọ́dọ̀ wa, bí òjò bá ṣú, a kì í béèrè ẹni tó ni nǹkan. Ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò kó láfún, yóò kó aṣọ, yóò sì bá olóhun tọ́jú rẹ̀ sílé ara rẹ̀.

“Ìyá Ìbejì ló bá ẹ kó o,” ni ìyá mi wí, inú rẹ̀ ń dùn. “Mo sọ fún un pé o ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ṣọ́bìrì ló fi kó o. Ó ní díẹ̀ lòun á bù níbẹ̀ fún àgbò òun.”

Opó ni Ìyá Ìbejì, ilé rẹ̀ ló tẹ̀ lé tiwa. Láti kékeré ló ti ń sin àgbò yẹn. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, wọn ò pa ẹran Iléyá nílé rẹ̀ mọ́, ó sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé lọ́dún yìí, òun náà á dáná ẹran. Iléyá ọ̀hún ti wọlé dé tán.

Mo sáré lọ sílé rẹ̀. Àgbò náà ti ki ẹnu bọ abọ́. Mo ta abọ́ nù, èèpo fọ́n káàkiri.

“Kí ló ṣe ọ́, ìwọ ọmọ yìí?” ni Ìyá Ìbejì béèrè.

“Ẹ gbà mí, mà! Kọ́sítíìkì ló wà lára ẹ̀! Ẹ bá mi bu omi wá!”

Ìyá mi dé, ó di ìwo àgbò mú, èmi ń da omi sí i lẹ́nu, itọ́ funfun ń ṣàn kalẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó wọlé. Òjò dá. Wọ́n pe ìrun Màgàríbì, ẹ̀gbẹ́ àgbò náà ni Ìyá Ìbejì ti kírun. Àgbò dúró, ó dorí kodò, kò jẹ, kò mu. Mo gbàdúrà lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe gbà á fún ìdánwò kankan lọ.

Nígbà tó yá, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, díẹ̀díẹ̀.

“Alihamudulilahi,” ni Ìyá Ìbejì wí. “Ó ń jẹ àpọ̀jẹ.” Ó wá yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ta ló ń sá èèpo ẹ̀gẹ́ tí kì í ṣe pé ẹran ló máa jẹ ẹ́?”

Lọ́jọ́ Iléyá, ó gbé ẹran wá fún wa.

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí, mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ohun tí ojú ń wá lojú ń rí. Mi ò fi kọ́sítíìkì rẹ èèpo mọ́. Omi kànga ni mo fi ń fọ̀ ọ́, mo sì ń jẹ́ kó pẹ́ nínú iná. Èédú tèmi kì í gba iná tó ti àwọn ẹgbẹ́ mi, wọ́n sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti di obìnrin oko tó ń fọ ẹ̀gẹ́. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe bátìrì tí aládùúgbò mi ò ní lè bá mi kó èèpo rẹ̀ kúrò lójú òjò.