Ọwọ́ Yahya àti Ọṣẹ Aláwọ̀ Ewé

Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ eléyìí, ẹ má jẹ́ kó kọjá yín. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ìfọ-abọ́ ni, ọṣẹ olówó pọ́ọ́kú láti sùpámákẹ́ẹ̀tì. Díẹ̀ ló kù kí bàbá kan nílùú Ọ̀wọ̀ gbé ipò bàbá fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ọṣẹ yìí ló yọ ọ́.

Yahya ni bàbá náà. Mẹkáníìkì ni, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti Ìjàgbà ló máa ń tún ṣe jù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń wúkọ́ bí arúgbó tí òtútù mú, Yahya ni wọ́n ń gbé e wá bá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Kì í ṣe dúdú tí Ọlọ́run dá o, dúdú ọ́ìlì ni, tó ti wọ inú ilà àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó sì ti di onílé níbẹ̀. Pẹtiróòlù ló fi ń fọ̀ ọ́ láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Pẹtiróòlù ń gbé ọ́ìlì lọ díẹ̀, ó sì ń gbé awọ lọ pẹ̀lú. Nítorí náà, bíi ti gbogbo mẹkáníìkì, tí ẹ bá na ọwọ́ sí Yahya, kò ní fún yín ní àtẹ́lẹwọ́. Ọrùn ọwọ́ ló máa nà sí yín. Ẹ ó dì í mú níbẹ̀, ẹ ó sì máa lọ.

Kò ká a lára rí, àfi ọjọ́ tí ẹbí Anwar wá tọrọ ọmọ rẹ̀, Toyyibah. Olùkọ́ ni Anwar. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Jìbírílù, jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bíi ti ẹni tí kò di nǹkan kan mú rí ju bírò lọ. Àlàájì na ọwọ́. Yahya, tó ti ha ara rẹ̀ bí ẹni ń ha iṣu láti òwúrọ̀, ṣèèṣì na ọrùn ọwọ́ sí i. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àlàájì náà rẹ́rìn-ín, kò kà á sí nǹkan kan. Yahya bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú apá agbádá, kò yọ wọ́n síta mọ́ títí àlejò fi lọ.

Bí wọ́n ṣe lọ tán, ó pe Hàmídù, àbúrò rẹ̀ tó ń rán aṣọ. "Ìwọ lo máa dúró dípò mi níbi yìgì Toyyibah."

Ẹ mọ bí yìgì ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí: bàbá ìyàwó á fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mú níwájú gbogbo èèyàn, títí ààfáà á fi ka ọ̀rọ̀ náà tán. Ọwọ́ méjèèjì yẹn ni gbogbo ojú máa ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni n ó sọ pé ó ṣe yín?"

"Sọ pé ọwọ́ ń dùn mí."

Toyyibah gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan ni Kúlísúmù, ìyàwó Yahya, ya sùpámákẹ́ẹ̀tì tuntun tó wà lójú títì. Ó rí ọṣẹ olómi aláwọ̀ ewé kan, orúkọ sùpámákẹ́ẹ̀tì náà gan-an ló wà lára ike rẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré débi pé méjì ló rà. Bó ṣe délé, ó ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe: ó da ìdajì ọ̀kan sínú ike àtijọ́, ó bu omi kún èyí tó dà síbẹ̀ àti ìdajì tó kù kó lè pẹ́. Ó rì kànrìnkàn bọ̀ ọ́, ó dojú kọ ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Epo náà kàn ń yọ̀ kiri lára ìkòkò ni, ọṣẹ kò tilẹ̀ hó.

"Omi òjò ni wọ́n dì fún mi," ló wí. "Èyí tí mi ò tíì ṣí, mo máa dá a padà fún wọn."

Ibẹ̀ ni Yahya bá a, ọ́ìlì dé ìgúnpá rẹ̀. "Gbé èyí tí o ò tíì ṣí wá kí n dán an wò."

"Bàbá Toyyibah, ọṣẹ tí kò lè fọ ìkòkò, ṣé ọwọ́ yín ló máa wá fọ̀?"

"Ìkòkò ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ọ́ìlì ni."

Kúlísúmù bu omi láti dà sí i lọ́wọ́, Yahya yẹra. "Má tíì da omi. Tí omi bá ti kọ́kọ́ kan ọ́ìlì, ọṣẹ ò ní ríbi wọlé mọ́. Bí a ṣe ń fọ irin ẹ́ńjìnnì nìyẹn, àmọ́ ọṣẹ ibẹ̀ le jù fún ọwọ́." Ó da ọṣẹ sí ọwọ́ gbígbẹ, ó ń ra ọwọ́, ó ń fi èékánná ha inú ilà, títí ọṣẹ aláwọ̀ ewé fi dúdú bí ọ́ìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. "Ó yá, da omi."

Dúdú ṣàn lọ. Àwọ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí Kúlísúmù kò rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ó yí ọwọ́ náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ta ló ni eléyìí?"

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n rí," ni Yahya wí.

Kúlísúmù nu ìkòkò rẹ̀ gbẹ, ó da ọṣẹ tí kò tíì bomi là sára epo láìfi omi kàn án, ó fi kànrìnkàn gbígbẹ rà á, ó wá ṣan án. Ìkòkò mọ́ tónítóní. "Ẹ ti mọ èyí láti ọjọ́ yìí wá, ẹ ò sọ fún mi?"

"O ò pè mí sídìí abọ́ rí."

"Ó dáa, mo ti pè yín báyìí."

Ojoojúmọ́ ni Yahya ń fọ ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ó ń fi òrí pa á lẹ́yìn náà, ibi tó ti sán lára rẹ̀ sì ń jinná. Kò sọ fún Hàmídù. Lọ́jọ́ yìgì, Hàmídù ti wọ agbádá, ó ti jókòó ti ààfáà. Ààfáà ní kí bàbá ìyàwó sún mọ́ ọn. Yahya dìde.

"Hàmídù, sún sẹ́yìn díẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Ó ti san."

Anwar, ọmọ tó mọ̀wà hù, kò fẹ́ kí ojú ti àna rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ló nawọ́ sí. Yahya fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ gbalaja, ó dúró. Anwar wò ó, ó dì í mú ṣinṣin. Dúdú tín-ín-rín kan ṣì wà ní ìdí èékánná àtàǹpàkò, Yahya kò fi pa mọ́. Toyyibah ń yọjú lójú fèrèsé yàrá. Ó rẹ́rìn-ín, kó tó wá fi ìborùn nu ojú.

Ẹ má kàn gbà mí gbọ́ lásán. Bí ẹ bá gba Ọ̀wọ̀ kọjá, ẹ yà lọ́dọ̀ Yahya, ẹ ó rí ike aláwọ̀ ewé náà lórí táyà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bó bá wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹ ní sùúrù fún un. Á da ọṣẹ sí ọwọ́ gbígbẹ, á rà á dáadáa, á ní kí ẹ bá òun da omi. Lẹ́yìn náà, ẹ na ọwọ́ sí i, kí ẹ wo èyí tó máa fún yín.