Ewúro Tí Mo Fọ̀ Títí Ó Fi Dùn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú ṣì ń tì mí láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Láyé ìjọba Faransé ni. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ òkun, èmi ìyàwó tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé. Ibà dá ìyá ọkọ mi dùbúlẹ̀. Dókítà òyìnbó fún un ní kinínì, ibà lọ, ṣùgbọ́n ẹnu Ìyá kú. Oúnjẹ gbogbo ló ń tì sẹ́yìn. Dókítà ní bí kò bá jẹun, òun ò ní oògùn mìíràn. Ẹ̀rù bà mí! Ìyá yìí ló gbà mí bí ọmọ.

Aládùúgbò wa, obìnrin Fọ̀n kan, nawọ́ sí igi ewúro tó wà lẹ́yìnkùlé, ó ní "amavivẹ" ni kí n fi sebẹ̀ fún un. Fọ̀n tí mo gbọ́ kò ju ti ọjà lọ. Mo mọ̀ pé "ama" ni ewé, "vivi" sì ni ohun tó dùn. Mo bá rò pé ó ní kí n jẹ́ kí ewé náà dùn!

Ha! Mo fi iyọ̀ bo ewúro, mo fọ̀ ọ́ nígbà méje, mo da omi rẹ̀ sórí iyanrìn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sè é bẹ́ẹ̀. Ìyá á tọ́ ọ wò, á kọjú sógiri.

Lọ́jọ́ kẹrin, obìnrin náà tọ́ ọbẹ̀ mi wò, ó bi mí pé omi ewé dà. Mo ní mo ti dà á nù kó lè dùn, bó ṣe wí. Ó káwọ́ lérí. Vivẹ lòun wí, ìkorò, kì í ṣe vivi! Ó ní ìkorò yẹn ló ń jí ẹnu tó kú, òun ló ń jẹ́ kí oúnjẹ wuni. Agbára ewé ni mo ń fún iyanrìn mu.

Ó fọ òmíràn lẹ́ẹ̀kan péré, a fi ẹja sè é. Ìyá gbé e mì, ojú rẹ̀ le.

"Ìyàwó, ó mà korò o!" Ó na abọ́ sí mi. "Bù sí i."

Mo sunkún.

Ó tún ń jẹun, ó tún ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó ti rù jù. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ó jáde láyé. Ẹnikẹ́ni ò dá mi lẹ́bi. Èmi ni mi ò gbàgbé ọjọ́ mẹ́ta yẹn.

Ẹ̀yin tó ń fọ ewúro títí á fi pàwọ̀ dà, ẹ rọra. Bí ẹ bá sì wà láàárín èdè tí kì í ṣe tiyín, ẹ bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ta ló ti ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ rí bíi tèmi? Ẹ má fi pamọ́ fún mi.

Títí dòní, n kì í jẹ́ kí ewúro mi dùn.