Ibòji Ẹ̀gbọ́n, Ilẹ̀ Àbúrò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Alága fún yín, nítorí bí mi ò bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n létíkun ti túká, ẹnu tirẹ̀ alára, tó mú ju abẹ lọ nígbà kan, ti rọ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yá àwọn àlejò tó ń wá gbafẹ́ létíkun ní àga jókòó. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, wọ́n á pè é lórí fóònù lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n á béèrè àlàáfíà rẹ̀, kó tó dáhùn tán wọ́n á ní àwọn ń kánjú. Yàrá kan ló ń gbé: bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, ife méjì. Ọjọ́ tó ti rí ẹni fi ife kejì mu omi ti pẹ́. Síbẹ̀, bó bá ń fọ ife tirẹ̀, á fọ ìkejì mọ́ ọn.

Igi fúrúùtù méjì ló wà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ga, wọ́n sì gbòòrò. Ìyá rẹ̀ ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un, fún òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ìyá náà pín igi fún wọn nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le: èyí tó wà níhà ìlà oòrùn fún ẹ̀gbọ́n, èyí tó wà níhà ìwọ̀ oòrùn fún àbúrò. Kálukú gba igi rẹ̀ àti ilẹ̀ tó yí i ká. Ó parí. Àmọ́ oòrùn ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín nǹkan.

Láàárọ̀, bí oòrùn bá yọ, orí ilẹ̀ àbúrò ni ibòji igi ẹ̀gbọ́n máa ń tẹ́ sí. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ibòji igi àbúrò á wá sórí ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sán gangan nìkan ni kálukú ń rí ibòji tirẹ̀ lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Nítorí náà, láàárọ̀, Ìyá Alága á kó àga rẹ̀ lọ sílẹ̀ àbúrò. Nírọ̀lẹ́, àbúrò á kó tirẹ̀ wá sílẹ̀ ẹ̀gbọ́n. Aṣọ aró ló wà lára àga tẹ̀gbọ́n, aṣọ aláwọ̀ ewé lára ti àbúrò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ń palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́ á nu iyanrìn kúrò lára gbogbo ẹ̀, aró àti ewé, á wá to ti ẹnì kejì sídìí igi rẹ̀.

Wọ́n ń ṣe gbogbo èyí láìbá ara wọn sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn tó ń ta omi tútù létíkun tiẹ̀ ń pe àbúrò ní Adákẹ́, wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn.

Wọn ò bí i bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tí ìyá wọn ń ṣàìsàn, àbúrò rìnrìn àjò lọ ra aṣọ tí wọ́n máa fi rán àga. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, mọ́tò bàjẹ́ lọ́nà, ìgbà tó fi máa dé, wọ́n ti bo ìyá láṣọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìdì aṣọ léjìká, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mo pẹ́."

Ìyá Alága dojú kọ ọ́ níṣojú gbogbo èèyàn. "Pípẹ́ kọ́ lo pẹ́! O ò fẹ́ wá ni! Orúkọ rẹ ló ń pè títí ẹ̀mí fi bọ́. Má pè mí lẹ́gbọ̀ọ́n ẹ mọ́ láyé!"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìbínú ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n àbúrò gbà á gẹ́gẹ́ bí àṣẹ. Wàyí o, kí ni kó máa pè é? Àbúrò ò lè la ẹnu kó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ. Kò lè pè é ní Ìyá Alága bí àwọn ará ìta. Kó kàn sọ pé "Ẹ káàárọ̀" gbẹrẹfu, ìyẹn náà dà bí ẹni ń kí ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó wá panu mọ́. Ìyá Alága ní tirẹ̀ ń retí kí ọmọdé kọ́kọ́ kí òun, ṣebí òun ni àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà, tí ọdún ń gorí ọdún. Orí kunkun àwọn méjèèjì, ká má parọ́, ọ̀kan ò sàn ju èkejì lọ.

Ìgbà tó yá, ọmọbìnrin kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ìlú, ó gbé ọ̀dà pupa lọ́wọ́. Ó kun àmì sára igi àkọ́kọ́, ó kun ún sára ìkejì.

"Kí ló dé tó o fi ń kùn wọ́n?" Ìyá Alága bi í.

"Wọ́n fẹ́ gé wọn ni, Mà. Àwọn tó dé sí òtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn yìí ní àwọn ò rí òkun látojú fèrèsé. Ọ̀pẹ ni wọ́n máa gbìn síbẹ̀. Ó dáa nínú fọ́tò."

"Ọ̀pẹ? Ta ló ń sá fún oòrùn lọ sábẹ́ ọ̀pẹ? Àfi kéèyàn rí tín-ínrín bí abẹ́rẹ́!"

"Ẹ má bínú, Mà, wọ́n rán mi ni. Òtẹ́ẹ̀lì máa kó àga àti agboòrùn tiwọn wá."

Ìyá Alága yíjú sí àbúrò rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé, "Kí la máa ṣe báyìí?" Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Àbúrò náà ń wò ó. Àmọ́ ó rántí pé òun ni àgbà, ó gbé e mì.

Ọjọ́ tí wọ́n gé igi, ẹ̀rọ agégi ké láti àárọ̀. Igi àbúrò ló kọ́kọ́ wó, ti ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé e. Kó tó di ọ̀sán, oòrùn ti bo gbogbo ibẹ̀, àwọn àlejò dìde lórí àga, wọ́n wọ òtẹ́ẹ̀lì lọ. Àbúrò nu àga gbogbo, ó to ti ẹ̀gbọ́n jọ sídìí kùkùté igi rẹ̀, ó di tirẹ̀ mọ́ ọmọlanke. Ó dúró. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnu rẹ̀ mì díẹ̀.

Ẹ wo Ìyá Alága! Ṣe ló tẹrí ba, ó ń nu àga tí wọ́n ti nù. Ó ń retí ohùn. Nígbà tó gbójú sókè, ọmọlanke ti dé ojú títì.

Ìgbà náà ló rí i pé àga aláṣọ ewé kan wà láàárín tirẹ̀. Wọ́n ti nù ún mọ́ tónítóní.

"Ó gbàgbé ẹ̀," ló wí. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé àbúrò òun kì í gbàgbé àga. Ó dá ọkàn rẹ̀ lóhùn pé, "Kó wá gbé e fúnra ẹ̀. Bó bá dé, á rí nǹkan sọ."

Ó jókòó tì í nínú oòrùn lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó yá àga, kò sẹ́ni tó wá. Ó jókòó lọ́jọ́ kẹta. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí òun ò bá sọ̀rọ̀ gan-an ni gbogbo ẹni tí òun ní. Ìdánìkanwà wá bò ó débi pé ó ń sunkún láìfọwọ́ bojú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó gbé àga náà karí, ó forí lé àdúgbò àbúrò. Láti ìgbà òkú ìyá wọn ni kò ti débẹ̀. Ó ń dán ọ̀rọ̀ wò lọ́nà: "Àga rẹ rèé." Rárá, ìyẹn le jù. "Àbúrò mi, àga wa rèé." Èyí sàn.

Ilẹ̀kùn yàrá àbúrò ṣí sílẹ̀, inú rẹ̀ ṣófo. Aránṣọ kan tó ń gbé yàrá kejì gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Àga yẹn... ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi ta ni?"

"Ẹni tí Bàbá ń retí. Wọ́n ti di ẹrù wọn látọjọ́ tí wọ́n gé igi, wọn ò kàn lọ ni. Ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n ń jókòó sí. Bí ẹsẹ̀ kan bá ti dún, wọ́n á dìde. Àárọ̀ yìí ni wọ́n wọkọ̀, wọn ò pẹ́ lọ."

"Níbo ló lọ?"

"Wọn ò sọ, Mà. Wọn ò sì ní fóònù."

Ìyá Alága sọ àga kalẹ̀. "Nígbà tó ń retí mi, kí ló pè mí?"

Aránṣọ náà wò ó tìyanutìyanu. "Ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n pè yín. Wọ́n ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá gbé àga fún mi.' Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́."

Ìyá Alága ṣí àga náà, ó gbé e síbi tí ibòji ògiri dé, ó jókòó sí i. Ó kọjú sí yàrá tó ṣófo.

"Àbúrò mi," ó wí, "má bínú, mo pẹ́."

"Ṣé èmi lẹ ń bá sọ̀rọ̀, Mà?" aránṣọ bi í.

"Rárá o, ọmọ mi. Máa ránṣọ rẹ."

Nígbà tí oòrùn yí, ó dìde, ó sún àga tẹ̀ lé ibòji, ó tún jókòó.