Anargul Kò Dìde Nídìí Òpó

Ẹ sún mọ́bí, kí ẹ gbọ́ ti Anargul, opó ẹlẹ́nu mímú tó ń fi amọ̀ mọ ààrò búrẹ́dì lábúlé kan lẹ́bàá ìlú Balkh. Kò sílé tí wọn kì í yan búrẹ́dì nínú ààrò tó mọ. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ìyá rẹ̀, ibì kan náà sì ni gbogbo wọn ti ń wa amọ̀: ìdí mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tó wà láàárín oko òwú.

Àwọn tó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn nílẹ̀ náà ló kọ́ mọ́ṣáláṣí ọ̀hún. Òrùlé rẹ̀, tó rí bí igbá tí a dojú wọn délẹ̀ tò síra, ti wó tipẹ́. Òpó mẹ́rin ló ṣẹ́ kù, òpó ràgàjì tí ọwọ́ ẹnì kan kò lè ká, tí wọ́n gbẹ́ ewé àjàrà sí lára látòkè délẹ̀. Èrùpẹ̀ ìdí wọn kúnná bí ìyẹ̀fun, ààrò tí wọ́n bá fi mọ kì í tètè sán.

Lẹ́yìn ìkórè ọdún kan, òpó apá ìwọ̀-oòrùn fẹ̀gbẹ́. Ìjọba bá rán Ẹnjiníà Homayun wá pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fún sìmẹ́ńtì. Ó ní kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, òun á ti fi sìmẹ́ńtì dí ìdí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin. Árbàb Toghan, olórí abúlé, ti tẹ̀ka síwèé.

Nígbà tí ẹnjiníà àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dé oko láàárọ̀, Anargul ti jókòó sídìí òpó tó fẹ̀gbẹ́ náà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbalaja, ó ń mu tíì.

“Màmá, ẹ dìde, iṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀,” ẹnjiníà wí.

“Ẹ máa ṣe tiyín. Èmi náà ń ṣe tèmi.”

“Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?”

“Ìjókòó.”

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Anargul kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ lọ wo ibojì àlùfáà tó wà létí odò,” ó ní. “Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ìdí ibojì náà. Omi inú ilẹ̀ kò rọ́nà jáde mọ́, ó gbé iyọ̀ wọnú bíríkì. Ẹ fìka kàn án lónìí, á rún wómúwómú. Sìmẹ́ńtì ò ní kan òpó yìí níṣojú mi.”

Inú bí ẹnjiníà. “Ẹ̀yin lẹ wá ń dáàbò bò ó? Ihò ńlá tó wà nídìí rẹ̀ yìí, ọkọ́ ta ló gbẹ́ ẹ? Inú ààrò búrẹ́dì yín ni ìdí mọ́ṣáláṣí wà!”

Ọ̀rọ̀ náà bà á. Ó wo ihò náà. Ó mọ ojú ọkọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó mọ tìyá rẹ̀. Ó gbé ife tíì sílẹ̀.

“Èmi ni,” ó wí. “Èmi àti ìyá mi. A ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ là ń gbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń po èrùpẹ̀ yìí láti kékeré mọ ohun tó bá a lára mu. Ohun tí mo bù níbẹ̀, èmi náà ni n ó dí i.”

Árbàb Toghan dá sí i. “Anargul, má dójú tì mí níwájú àlejò. Dìde!”

“Ó dáa, Árbàb. Àmọ́ láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ràn sìmẹ́ńtì, kó fi mọ ààrò sílé ara rẹ̀. Mi ò ní tún ti ẹnikẹ́ni ṣe mọ́. Tìyàwó yín sì ti sán láti Jímọ̀, àbí kò sọ fún yín?”

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí Árbàb ti ń jẹ búrẹ́dì tó jóná lápá kan, tó tutù lápá kejì.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí ọ̀rọ̀ fi dé etí àwọn obìnrin. Shirinmah ìyàwó Árbàb ló ṣáájú wọn, àpò irun ewúrẹ́ tí wọ́n ń pò mọ́ amọ̀ wà lórí rẹ̀.

“Bàbá ilé,” ó ní, “ẹ sọ fún sìmẹ́ńtì yín kó wá yan búrẹ́dì fún yín lálẹ́.”

Àwọn yòókù ru ìyàngbò àlìkámà, wọ́n ru amọ̀ láti etí odò, nítorí Anargul ti búra pé ọkọ́ kankan kò ní kan ìdí mọ́ṣáláṣí mọ́. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n bomi sí i.

“Ọjọ́ mélòó ló máa lò?” Ẹnjiníà béèrè.

“Ọjọ́ méje, títí á fi kan, tí á fi máa rùn,” Anargul dáhùn.

“Yìnyín ti ń bọ̀ o!”

“Ẹ bọ́ bàtà nígbà náà, kí ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́.”

Ẹnjiníà wo Árbàb. Árbàb bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó wọnú amọ̀. Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù yí padà tòun ti sìmẹ́ńtì rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ méje pé, wọ́n fi amọ̀ náà dí ìdí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Yìnyín bọ́ gidi lọ́dún náà. Òpó mẹ́ta kò mira. Ti ìwọ̀-oòrùn dúró, ṣùgbọ́n ọnà ewé àjàrà kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn já bọ́ lára rẹ̀, àwọn ọkùnrin kan sì wá dúró sẹ́nu ọ̀nà Anargul, wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín.

“Bíbì, màmá wa, ṣé amọ̀ yín nìyẹn?”

“Amọ̀ mi nìyẹn,” ó dá wọn lóhùn. “Ẹ ò bá ti gbé òmíràn wá dípò tí ẹ fi ń la ẹnu sílẹ̀.”

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó kọjá láàárín wọn, ó gba ọ̀nà odò lọ láti wa amọ̀ sí i.