Ohun Tí Bàbá Mi Ní Kí N Kọ Sábẹ́ Fíìmù Náà

Pósófíìsì ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi bá onílé àtàlejò fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo tí àwọn náà fẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ ogbó, ọwọ́ èmi ọmọ wọn ló kú sí.

Ọdún kejì tí ìyá mi kú ni wọ́n wá bá wa gbé ní Riverdale, lókè òkun. Àwọn ọmọ ti lọ sí college. Ọkọ mi á ti gbéra lọ síbi iṣẹ́ ní Tucker kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, èmi náà á wọ train lọ sí hospital tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Downtown. Á wá ku Bàbá àti tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà iwájú, wọ́n á máa juwọ́ sí mọ́tò tó ń kọjá. "Ìlú yìí dáa o," wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "àmọ́ kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan láti àárọ̀." Mo ní kí wọ́n pẹ̀lẹ́. Mo ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi.

Ní Thursday kan tí mo wà ní off, mo ti ọjà dé, mo bá wọn lórí ìdúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Fíìmù àtijọ́ kan ni, ti Ìlú Ọba, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Àwọn èèyàn wọ aṣọ dúdú balẹ̀, wọ́n rọ̀gbà yí kànga kan ká lábẹ́ ilé ńlá, wọ́n ń pe Sátánì. Àpò ìrẹsì bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Bàbá, kí lẹ ń wò yìí?" Mo ti ń wá remote.

"Fi í sílẹ̀," wọ́n ní. "Èmi àti ìyá ẹ la jọ wò ó."

Sinimá kan n'Íbàdàn ni, wọn ò tíì fẹ́ra nígbà yẹn. Ẹ̀rù ba ìyá mi débi pé fìlà Bàbá ni wọ́n fi bojú títí fíìmù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ibi tí ìyá mi ò rí, Bàbá ròyìn rẹ̀ fún wọn bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sílé. "Mo sì bù mọ́ ọn díẹ̀," Bàbá wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá ẹ ò mọ̀ títí ó fi kú."

Mo jókòó, a wò ó tán. Olùkọ́ kan ló wá àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ sí abúlé kan tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ti gbàkóso rẹ̀. Obìnrin tó gba olùkọ́ náà lálejò níbẹ̀ ń bu tíì fún un láràárọ̀. Ó mọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò sọ. Ká má purọ́, fíìmù náà gbádùn mọ́ mi.

Bàbá wá bi mí bóyá àwọn tó wo irú fíìmù yẹn nígbà náà ṣì kù láyé. Mo wá a lórí fóònù, mo rí ibi kan tí àwọn èèyàn ti ń sọ èrò wọn lórí rẹ̀. Mo ń kà á, mo ń túmọ̀. Ẹnì kan ní Sátánì inú ẹ̀ ò ju èéfín igi tútù lọ. Ẹlòmíì ní òun ò lè sùn fọ́jọ́ mẹ́ta nígbà tóun wà lọ́mọdé. Ẹnì kẹta ní fíìmù játijàti ni, tíì ni wọ́n ń mu látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Inú bí Bàbá. "Ta ni aláìmọ̀kan yẹn? Tíì yẹn gan-an ni fíìmù! Ó yá, máa kọ ọ́, mo fẹ́ dá a lóhùn."

Wọ́n jókòó dáadáa, wọ́n tún kọ́là aṣọ wọn ṣe bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní Yorùbá kí n máa fi òyìnbó kọ ọ́. Mo tẹrí ba, àtàǹpàkò mi ń sáré lórí fóònù. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè gbà mí sílẹ̀. Orúkọ mi àti fọ́tò mi ló máa jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èmi sì ni mò ń darí àdúrà orí fóònù tí àwọn obìnrin ìjọ wa máa ń ṣe láràárọ̀ Saturday. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo pariwo níbẹ̀ pé ẹni tó bá ń wo fíìmù èṣù, ilẹ̀kùn ló ń ṣí fún un. Ẹ wá fojú wò ó kí ìyàwó pásítọ̀ rí mi níbẹ̀! Mo lè fi orúkọ míì ṣe é. Mo mọ̀. Ọ̀lẹ ni mí, ojú ayé ló sì ń pa mí. Ohun tí mò ń tẹ̀ ni nǹkan tí mo gbàgbé lọ́jà: ọṣẹ ìfọṣọ, tòmátì alágolo, tíṣù.

Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní kí n kà á sétí àwọn.

"Ó ti lọ, Bàbá."

"Kíá báyẹn? Láìsí sítáǹbù?"

"Ayé ti yí padà."

Wọ́n mirí, ojú wọn ń dán. Wọ́n ní nígbà tiwọn, ẹni tó bá jókòó lé lẹ́tà ẹlòmíì, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ tààrà. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò tíì bọ́ bàtà iṣẹ́: "Ṣé wọ́n ti fèsì?" Mo ní rárá. Lọ́jọ́ kẹta, rárá. Lọ́jọ́ kẹrin wọn ò béèrè mọ́, wọ́n kàn ń wo fóònù ọwọ́ mi. "Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ti sú àwọn èèyàn," wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Àánú wọn ṣe mí, mo bá lanu: "Háà, Bàbá, ọkùnrin kan fèsì o! Ará Ìlú Ọba. Ó ní òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ."

Wọ́n dìde dúró. "Tún un sọ."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo tún fi irọ́ mú pásítọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì wá, pé ó fèsì. Mo mú obìnrin arúgbó kan wá, tóun àti ọkọ ẹ̀ jọ wo fíìmù náà nígbà èwe. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi ní ọkọ náà ń ṣàìsàn. Bóyá kó lè dùn létí ni.

Ní Wednesday mo gbé oúnjẹ wá, Bàbá ní àwọn ń gbààwẹ̀.

"Nítorí ta ni?"

"Ọkọ obìnrin yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ gbà fún un. Òní ló pé méjì."

Bàbá ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ń febi pa ara wọn nítorí ẹni tí kò sí! Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti kúnlẹ̀, kí n jẹ́wọ́. Mo gbé oúnjẹ padà sí kíṣìnnì. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo tibi iṣẹ́ dé, mo ní obìnrin náà ti kọ̀wé pé ọkọ òun ti dìde, kí wọ́n ṣáà lè jẹun. Wọ́n jó yí tábìlì po. Nígbà tó di Saturday, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi láàárín àdúrà, wọ́n jẹ́rìí oore tí Ọlọ́run ṣe fún ọ̀rẹ́ àwọn kan nílùú òyìnbó. Gbogbo àwọn obìnrin náà hó, "Halelúyà!" Ohùn mi ló ròkè jù. Ọlọ́run, dárí jì mí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà wọ́n padà sílé. Tí mo bá pè wọ́n ní Sunday, ohun tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu wọn ni, "Àwọn ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?" Mo máa ń wá nǹkan sọ. Kí ọdún tó yí po, Bàbá sùn, wọn ò jí. Mo relé lọ sin wọ́n, mo padà sí Riverdale.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò tó ọdún méjì. Àbúrò mi ọkùnrin tí Bàbá ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ n'Íbàdàn pè mí pé òun rí ìwé kan lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ìkọ̀wé Bàbá ni, gbọọrọ, ó tò létòlétò: "Èsì sí Èrò Mi." Gbogbo irọ́ mi ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé, ẹyọ kan ò sọnù. Wọ́n fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ti ọkọ tó dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò mi ní, "a rí èsì, a ò rí ohun tí Bàbá fúnra wọn kọ. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ̀dà ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ránṣẹ́, mo fẹ́ kà á fún mọ̀lẹ́bí níbi àdúrà ogójì ọjọ́. Mi ò mọ̀ pé Bàbá lọ́rọ̀ nínú tó báyìí."

Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ kan. Mo tú fóònù mi dé ìdí. Mo rí ohun tí mo tẹ̀ ní Thursday yẹn: ọṣẹ ìfọṣọ, tòmátì alágolo, tíṣù. Mo wá fíìmù náà, mo tún wò ó lọ́sàn-án gangan, bóyá á rán mi létí. Nígbà tí obìnrin onítíì yẹn yọjú, mo rántí pé ibẹ̀ ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀: "Obìnrin tó ń bu tíì yẹn…" Mo rántí ìka wọn tó ń lu apá àga. Mo rántí pé wọ́n mẹ́nu ba ìyá mi. Èyí tó kù, mi ò gbọ́ ọ. Mò ń rò ó lọ́wọ́ pé ṣé tòmátì agolo méjì máa tó. Àwọn èsì tí mo hun, mo lè kà wọ́n lórí fún yín látòkè délẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ bàbá mi, mi ò ní ju ìlàjì gbólóhùn kan lọ.

Àbúrò mi pè lọ́jọ́ kejì. Ẹnu mi ti là. Kò ní í ṣòro fún mi láti hun nǹkan kan jọ, mo ti mọ̀ ọ́n ṣe, gbogbo mọ̀lẹ́bí á sì sunkún. Mo rántí àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn.

"Mi ò kọ ọ́," mo ní.

"Ẹ ò kọ kí ni?"

"Ohun tí Bàbá sọ. Mi ò kọ ọ́, mi ò fi ránṣẹ́ síbì kankan."

Mò ń gbọ́ ìwé náà bó ṣe ń ṣí i, ojú ìwé kan, òmíràn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ta ló wá ń fèsì?"